Aṣọ Ìsìnkú Bàbá Àgbà Tí Mo Fi Ṣeré

Kò sí fọ́tò bàbá mi àgbà kankan láyé yìí. Ẹ lè wá gbogbo yàrá ilé wa tó wà lẹ́yìn Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ò ní rí wọn lára ògiri kankan. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó àbúrò bàbá mi, nígbà tí onífọ́tò ní kí gbogbo ẹbí tò, Bàbá Àgbà gbé bùtà wọn, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá. Àkókò ìrun kankan ò sì tíì tó. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n dúró sí títí onífọ́tò fi kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ìyàwó tuntun fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ sá fún fọ́tò wa." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ojú kan tí Ọlọ́run fún mi yìí, mi ò tíì lò ó tán. Kí ni n ó fi èkejì ṣe?"

Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí kí ogójì ọjọ́ ikú wọn tó pé. Èmi ò kàwé púpọ̀. Ọdún kan àti díẹ̀ ni mo lò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Ọ̀yọ́ kí n tó fi í sílẹ̀, ẹ ó sì rí i nínú ọ̀rọ̀ mi. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àwọn ọmọ tí a ó bí mọ irú ẹni tí Bàbá Àgbà jẹ́. Mo sì ní ohun kan láti sọ tó ti wà lọ́kàn mi bí òkúta láti bí ọdún kan.

Oko ni iṣẹ́ wọn. Ìrẹsà ni wọ́n ti ń dáko, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n sì ń gùn lọ títí ọjọ́ ogbó wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣu ni àdúgbò fi mọ̀ wọ́n. Bí ọkùnrin Mùsùlùmí bá kú ládùúgbò wa, Bàbá Àgbà ni wọ́n ń pè láti wá wẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá wá pè wọ́n kì í pariwo. Á kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Bàbá, ẹ gbà wá o." Wọn ò ní béèrè ẹni tó kú. Wọ́n á gbé bùtà, wọ́n á mú ọṣẹ, ó di ìta.

Èmi ń bẹ̀rù ọwọ́ wọn. Mo ti ń bẹ̀rù rẹ̀ kí n tó mọ ìdí tí mo fi ń bẹ̀rù. Gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni wọ́n ń gé èékánná, ọwọ́ náà sì máa ń rùn káńfọ̀ tí wọ́n ń pò sí omi òkú nígbà gbogbo. Tí wọ́n bá gbé e lé mi lórí láti ṣàdúrà fún mi, ọrùn mi á le gan-an bí igi. Tí wọ́n bá bu ẹran fún mi nínú àwo wọn, mo máa ń fi í pamọ́ sábẹ́ ahọ́n títí n ó fi rí ibi tú u dànù sí. Mo rò pé wọn ò mọ̀. Lọ́jọ́ kan, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sí mi níwájú, wọ́n ṣí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ní, "Wò ó dáadáa, Ràṣídì. Òkú ò gbé ọwọ́ mi lọ. Òun náà nìyí."

Wọ́n máa ń bá òkú sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ọ fúnra mi, mo ń kọjá lẹ́yìn ẹní tí wọ́n fi ṣe ìkélé nílé tí wọ́n ti ń wẹ ẹnì kan, ìró omi ń dún, mo wá gbọ́ ohùn Bàbá Àgbà pé, "Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n dé ẹ̀yìn yín. Ṣé omi ò gbóná jù?" Mo sá délé. Nígbà tí ẹ̀rù náà rọlẹ̀, mo béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá àwọn òkú náà máa ń dá wọn lóhùn. "Wọn kì í dáhùn," ni wọ́n wí, "èmi náà kì í yé béèrè."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo rí tó ń mú wọn bínú, ìyẹn ni kí ẹnìkan fẹ́ mọ ohun tí wọ́n rí lára òkú. Ọlọ́lá kan kú ládùúgbò, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ láhesọ pé ọkùnrin náà ní egbò kan tó ń fi aṣọ bò. Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n sin ín, níbi oúnjẹ, Bàbá Lásísì tí í ṣe àkọ́bí Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ní, "Bàbá, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ kí ni?"

"Egbò yẹn."

Bàbá Àgbà ń jẹun lọ. Bàbá Lásísì rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ̀yin náà! Èmi ọmọ yín ni mo ń bi yín, kì í ṣe ará ìta." Bàbá Àgbà ti àwo oúnjẹ sẹ́yìn, wọ́n fọ ọwọ́. Láti alẹ́ ọjọ́ náà, tí í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọdún yẹn, títí di ọjọ́ Ìtúnu, wọn ò bá Bàbá Lásísì sọ gbólóhùn kan. Ohun tí wọ́n sọ kí wọ́n tó dìde lẹ́nu oúnjẹ náà ni pé, "Ohun tí mo bá rí lára òkú, èmi àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀ nìkan la jọ rí i."

Mo ní láti sọ ti aṣọ náà báyìí.

Ọ̀rẹ́ wọn kan ló mú un ti Mẹ́kà bọ̀ fún wọn, aṣọ funfun tí wọ́n ti fi omi mímọ́ Sámúsámù fọ̀. Aṣọ ìsìnkú wọn ni. Inú àpótí onígi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, pẹ̀lú hóró káńfọ̀ mẹ́rin ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lẹ́yìn Iléyá, wọ́n á kó o jáde, wọ́n á sá a sórí ẹní láàárín ilé, wọ́n á jókòó tì í pẹ̀lú pàṣán, wọ́n á máa lé adìyẹ. Àlejò tó bá wọlé lọ́jọ́ náà á kí wọn láti ẹnu ọ̀nà, á sì padà. Àǹtí Sìkírá, àbígbẹ̀yìn wọn tó kúrò nílé ọkọ tó wá ń tọ́jú wọn, kì í lè gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n máa ń gba ẹ̀yìn ilé lọ sí ìdí ààrò.

"Bàbá, aṣọ yìí ń já mi láyà."

"Ṣé ìwọ ló máa wọ̀ ọ́ ni?" Bàbá Àgbà á rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni ojú wọn á le. "Sìkírá, tí mo bá lọ, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa sáré wá aṣọ kiri ọjà nítorí mi. Ẹ ṣí àpótí, ó ti parí."

Gbogbo wa la gbọ́ èyí lọ́dọọdún. Kò sí ẹni tó lè ní òun ò mọ̀.

Àsìkò SAP yìí náà ni mo wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ọ̀yọ́, tí sójà ń ṣèjọba, tí owó ò ra nǹkan mọ́, tí mílíìkì di ohun tí à ń fojú rí nínú ìpolówó. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí a ṣe kíláàsì àwòrán, tíṣà gbé orí ènìyàn kan tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ sórí tábìlì, ó ní ká yà á. Wọ́n ti kọ́ mi nílé kéwú pé ẹni tó bá ya ojú ènìyàn, wọ́n á ní kó fẹ́ ẹ̀mí sí i lọ́jọ́ ìdájọ́. Mo ya etí, mo ya irun, mo ya ọrùn. Tíṣà dé ẹ̀yìn mi, ó dúró.

"Ràṣídì, ojú ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀, sà."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ojú náà ò wá títí kíláàsì fi parí.

Eré orí ìtàgé àkọ́kọ́ tí mo wò láyé mi, gbọ̀ngàn kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ni mo ti wò ó. Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n wọ́n ta aṣọ dúdú bo gbogbo fèrèsé, wọ́n tan iná kan ṣoṣo sórí ọkùnrin kan tó ń sunkún ọmọ rẹ̀ tó kú. Mo bá a sunkún débi pé imú mi dí. Fúnṣọ́, ẹni tí a jọ ń gbé yàrá, fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi. "Ìwọ ará oko yìí, ọmọ ẹ̀ ò kú o. Ó wà lẹ́yìn kọ́tìnnì níbẹ̀ yẹn tó ń jẹ bọ́ọ̀lì." Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ, síbẹ̀ omijé ò dá. Ẹ̀rù bà mí pé irọ́ lè ṣe irú èyí sí mi. Lọ́jọ́ kejì mo lọ kọ orúkọ mi sínú ẹgbẹ́ eléré.

Nígbà tí mo sọ fún Bàbá Àgbà nílé, wọ́n ń bó ẹ̀pà lọ́wọ́. "Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ gan-an?"

"Eré ni, Bàbá. Ẹnìkan á ṣe bí ọba, ẹnìkan á ṣe bí ìyálé, ẹnìkan á ṣe bí òkú."

Wọ́n dá ọwọ́ dúró. "Ó ṣe bí òkú? Ta ló kọ́ ọ?"

"Wọ́n ń kọ́ wọn ni, Bàbá. Ó ṣòro o."

"Kò ṣòro," ni wọ́n wí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀pà wọn padà. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni àwọn tí mò ń wẹ̀ ń ṣe é, wọ́n sì ń ṣe é yege."

Mi ò sọ fún wọn pé èmi gan-an ni wọ́n fún ní ipa òkú. Eré náà dá lórí Alhájì kan tí mọ́tò pa, tí àwọn ìyàwó rẹ̀ ń jà lórí òkú rẹ̀. Fúnṣọ́, ọkùnrin bíi tèmi, ló ń ṣe ìyálé. Iṣẹ́ tèmi ni kí n sùn gbalaja. Bẹ́díṣíìtì Fúnṣọ́ ni a fi ń wé mi níbi ìdánrawò, òdòdó pupa wà lára rẹ̀. Ọ̀gá tó ń darí eré náà gbá orí mú. "Alhájì wo ni wọ́n fi òdòdó sin? Ẹ̀ ń bà mí nínú jẹ́!" Wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo dìde jókòó nínú bẹ́díṣíìtì, mo ní, "Mo mọ ibi tí ojúlówó wà, sà."

Ọ̀gá gbá mi léjìká. "Òṣèré gidi lọmọ yìí!"

Kò sí ẹni tó tíì pè mí ní ohun gidi kankan rí. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi wọ mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e.

Bàbá Àgbà ti lọ kírun Jímọ́ọ̀. Àǹtí Sìkírá lọ lọ ata. Mo fa àpótí jáde, òórùn káńfọ̀ gbá mi nímú, mo rò pé ọwọ́ wọn ni. Mo kó aṣọ náà sínú báàgì, mo fi ṣòkòtò mi bò ó, mo ti àpótí padà. Kò gbà mí ju kí ènìyàn ka Fátíà méjì lọ. Nígbà tí Bàbá Àgbà dé, wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n ní àwọn máa sìn mí dé gáréèjì ní Tákíè. Kí n tó nawọ́, wọ́n ti gba báàgì náà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e kọ́ èjìká. Mo ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, mo ń wo báàgì náà tó ń mì lẹ́yìn wọn. Gbogbo ẹni tó ń kí wọn lọ́nà, Bàbá Àgbà ń dúró dá wọn lóhùn, tàwọn ti aṣọ ìsìnkú wọn léjìká. Lẹ́nu mọ́tò, wọ́n gbé e fún mi. "Báàgì rẹ fúyẹ́ jù, Ràṣídì. Kí lẹ máa ń jẹ lọ́hùn-ún? Màá mú gàrí wá fún ọ."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni aṣọ náà lò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ní Ọ̀yọ́, mi ò gbádùn ọjọ́ kan nínú rẹ̀. Ohun tí mo ń rò ni pé bí Bàbá Àgbà bá kú báyìí ńkọ́? Bí ẹnìkan bá pe orúkọ mi látòkèèrè, màá rò pé wọ́n wá túfọ̀ fún mi ni. Bí mo bá rí ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan ní ẹnu géètì, màá yà sẹ́yìn ilé. Gbogbo àsùbáà ni mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó má pa Bàbá mi títí a ó fi ṣeré tán. Ẹ wo irú àdúrà tí mo ń gbà. Títí a ó fi ṣeré tán.

Ó wá ku ọjọ́ méjì, ọ̀gá ní òkú tí mọ́tò pa gbọ́dọ̀ ní ẹ̀jẹ̀. Kí n tó la ẹnu, ó ti da àwọ̀ pupa sí aṣọ náà láyà mi.

Lọ́jọ́ eré, lẹ́yìn ìrun àìlà ọ̀sán, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Fúnṣọ́ ló wé mi. Ó so kókó orí bí ẹni tó ń so àpò èlùbọ́, aṣọ ò sì dé ẹsẹ̀ mi méjèèjì. Mo ń gbọ́ èémí ara mi nínú aṣọ náà, ó ń gbóná. Mo ń gbọ́ Fúnṣọ́ tó ń ké pé òun ló ni ilé iwájú, èrò sì ń rẹ́rìn-ín tí ilẹ̀ fi ń mì. Lójijì mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí pákó. Kì í ṣe ẹsẹ̀ òṣèré wa kankan. Fúnṣọ́ dákẹ́. Ọwọ́ kan kan orí mi, ó fa kókó náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó tú. Iná gbá mi lójú. Bàbá Àgbà ló dúró lókè mi, fìlà wọn lórí, àpò gàrí lápá.

"Dìde, Ràṣídì," ni wọ́n wí. "Wọn ò tíì pè ọ́."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sí àtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ara eré ni. Mo rí ọ̀gá lẹ́yìn kọ́tìnnì, òun náà ń pàtẹ́wọ́, ó ń wo ìwé ọwọ́ rẹ̀ bóyá òun fo ojú ìwé kan. Bàbá Àgbà ò wo ẹnikẹ́ni. Wọ́n gba aṣọ náà lára mi díẹ̀díẹ̀, wọ́n ṣẹ́ ẹ po níwájú gbogbo èrò, àbàwọ́n pupa náà sí inú, wọ́n fi í há abíyá.

Abẹ́ igi dóńgóyárò níta ni mo ti dọ̀bálẹ̀. Mo ní kí wọ́n nà mí. Wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n gbé aṣọ náà lé itan wọn, wọ́n gbé ọwọ́ lé e.

"Ẹsẹ̀ rẹ ni mo kọ́kọ́ rí," ni wọ́n wí. "Mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n júwe gbọ̀ngàn fún mi pé ibẹ̀ lo wà, mo wọlé sínú òkùnkùn, mo rí ẹsẹ̀ ọmọ mi níta aṣọ ìsìnkú, àwọn ènìyàn sì ń rẹ́rìn-ín."

Mi ò ronú kan ìyẹn rí. Gbogbo ẹ̀rù tó ti ń bà mí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, orí ara mi ni. Wọn ò wo eré rí. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé eré là ń ṣe nínú ibẹ̀, títí wọ́n fi dé orí pákó tí wọ́n rí i pé mò ń mí.

Wọ́n gbé àpò gàrí náà fún mi. Nígbà tí wọ́n tún sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti rọ̀. "Mo ti rí ọ ní òkú lónìí. Ohun tí mo bá sì rí lára òkú, o mọ̀ pé n kì í sọ."

Wọn ò sì sọ. Nígbà tí mo dé fún Iléyá, wọ́n pè mí sí yàrá, wọ́n gbé láílọ́ọ̀nù kan fún mi. Wọ́n ti ní kí télọ̀ kan ní Tákíè fi aṣọ náà rán jàlámíà. Wọ́n ti fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́, àbàwọ́n náà ṣì wà láyà òsì, ó ti di àwọ̀ obì.

"Alààyè ti wọ̀ ọ́," ni wọ́n wí. "Mi ò ní gbé e padà sínú àpótí. Máa wọ̀ ọ́ kírun."

"Bàbá, tiyín ńkọ́?"

"Tèmi? Ẹ ó rí nǹkan wé mi. Èmi ò ní sí níbẹ̀ tí n ó máa bínú."

Lọ́dún yẹn wọn ò sá aṣọ lẹ́yìn Iléyá; inú Àǹtí Sìkírá dùn, wọn ò béèrè ìdí. Èmi ò wọ jàlámíà náà. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Mo gbé e padà sí Ọ̀yọ́, mo tì í mọ́ ìsàlẹ̀ báàgì. Mo fi ẹgbẹ́ eléré sílẹ̀, ìwé náà ò sì wọlé mọ́. Kó tó di pé ọdún yí po, mo ti fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀, mò ń bá oníbúrẹ́dì kan ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́.

Bàbá Àgbà kú lórí awọ àgùntàn tí wọ́n ti ń kírun, lẹ́yìn ìrun alásárì. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi, mo dé kí wọ́n tó wẹ̀ wọ́n. Bàbá Lásísì fa àpótí jáde, wọ́n ṣí i. Hóró káńfọ̀ ló kù níbẹ̀.

"Aṣọ dà?"

Wọ́n wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Èmi náà wà níbẹ̀. Ohun tí Bàbá Àgbà ní àwọn ò fẹ́ gan-an ló ṣẹlẹ̀: wọ́n sáré wá aṣọ kiri Tákíè, wọ́n sì ra èyí tí wọ́n rí. Nígbà tí a ti ìdí sàréè dé, Bàbá Lásísì kọjú sí Àǹtí Sìkírá.

"Ìwọ nìkan lò ń wọ yàrá Bàbá. Ta lo gbé e fún?"

"Èmi? Aṣọ tí mo ń gba ẹ̀yìnkùlé sá fún? Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

"Ìwọ lo máa sọ fún wa."

Wọ́n fi ẹnu kò pé lọ́jọ́ kẹjọ, níbi fidáù, níwájú gbogbo àlejò, Àǹtí Sìkírá á gbé Kùránì dání, wọ́n á búra pé àwọn kọ́ ló mú un. Mo gbọ́ ọ. Mo ní n ó sọ ọ́ lọ́la. Lọ́la dé, mo ní ó di ọ̀túnla. Àǹtí Sìkírá ń se oúnjẹ fún gbogbo èrò, ojú wọn wú fún ẹkún, kò sí ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwọn obìnrin ilé ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ tí wọ́n bá ti kọjá. Ẹja tó tóbi jù ni wọ́n ń bù sínú àwo mi. "Jẹun, Ràṣídì. Ìwọ ni Bàbá fẹ́ràn jù." Mo ń jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kẹfà ni mo tó wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́ láti lọ gbé báàgì mi tí jàlámíà náà wà nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹjọ, àwọn àlùfáà ti jókòó, ẹní ti kún dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n gbé Kùránì jáde. Àǹtí Sìkírá dìde, wọ́n ti ṣe àlùwàlá, ìbòrí wọn funfun. Mo wà nínú yàrá Bàbá Àgbà. Mo bọ jàlámíà náà sọ́rùn. Ó bá mi mu gẹ́lẹ́. Mo jáde sáàárín wọn, mo kúnlẹ̀ sí iwájú Àǹtí Sìkírá, mo sọ gbogbo rẹ̀: àpótí, mọ́tò, eré, àwọ̀ pupa. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń ní kí n sọ̀rọ̀ sókè, mo sì tún un sọ.

Bàbá Lásísì tẹ̀ síwájú. Wọ́n fi ìka kan àbàwọ́n náà láyà mi.

"Bàbá mọ̀?"

"Wọ́n mọ̀, sà. Àwọn ni wọ́n ní kí télọ̀ rán an."

"Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Wọn ò sọ, sà."

Bàbá Lásísì gbé Kùránì padà sórí àga rẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n bo ojú. Àwọn àlùfáà ò mọ ibi tí wọ́n máa wò. Mo ń dúró de kí Àǹtí Sìkírá gbá mi létí, inú mi ì bá sì dùn sí i. Wọn ò gbá mi. Wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n ń wò mí láti òkè dé ilẹ̀ nínú aṣọ bàbá wọn.

"Ọjọ́ méje gbáko," ni wọ́n wí, "ni mo fi ń gbé oúnjẹ fún ọ, Ràṣídì."